Aláwọ̀ ewé ló wọ yàrá DNA: bí quantum dot ṣe pa sẹ́ẹ̀lì nínú láàbù kan ní Montréal

Ẹ fojú inú wo abọ́ róbà pẹlẹbẹ méjì. Sẹ́ẹ̀lì kan náà ló wà nínú méjèèjì, oúnjẹ olómi kan náà ni wọ́n ń jẹ, ooru kan náà ni wọ́n fi ń tọ́jú wọn. Ohun tí wọ́n wá dà sí wọn náà, nǹkan kan náà ni, cadmium àti tellurium tí wọ́n so pọ̀ di hóró tí wọ́n ń pè ní quantum dot, wọ́n sì wọ̀n ọ́n dọ́gba. Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé hóró ti abọ́ kìíní fẹ̀ tó 2.2 nánómítà, ti abọ́ kejì fẹ̀ tó 5.2. Irun orí wa kan ṣoṣo fẹ̀ tó bíi 80,000 nánómítà, torí náà ìyàtọ̀ tí mò ń sọ yìí, ojú ò lè rí i, ọwọ́ ò lè fọwọ́ bà á. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì mọ̀ ọ́n. Àwọn tó gba hóró kékeré kú ju àwọn tó gba ńlá lọ, ibi tí hóró méjèèjì lọ jókòó sí nínú sẹ́ẹ̀lì ò sì jọra rárá.

Montréal ló ti ṣẹlẹ̀, lórílẹ̀-èdè Kánádà, nínú láàbù Dusica Maysinger tó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ oògùn ní McGill University, òun àti Françoise Winnik, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Université de Montréal, pẹ̀lú àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Jasmina Lovrić ni orúkọ ẹ̀ ṣíwájú lórí iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2005. Mo ti ka iṣẹ́ yẹn lákàtúnkà, ohun tó sì ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́ka sí i, ibi tó rọrùn ni wọ́n ń mú nínú ẹ̀. Wọ́n á ní cadmium ni, májèlé ni, ó pa sẹ́ẹ̀lì, ó tán. Kò tán síbẹ̀ o. Ibi tọ́rọ̀ yẹn ti dùn gan-an, wọ́n fò ó kọjá.

Fún ẹni tí ò tíì gbọ́ nípa ẹ̀ rí, quantum dot jẹ́ hóró kírísítálì tó kéré débi pé àyè há mọ́ àwọn electron inú ẹ̀. Torí àyè tó há yẹn, bí wọ́n bá tan iná búlúù tàbí UV sí i, òun náà á tan ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ padà, bí hóró yẹn bá sì ṣe tóbi tó ló ń pinnu àwọ̀ tó máa tàn, kékeré á tan àwọ̀ ewé, èyí tó tóbi jù ú lọ á tan pupa. Alexei Ekimov ló kọ́kọ́ rí i nínú gíláàsì ní Soviet Union, Louis Brus rí tiẹ̀ nínú omi ní Amẹ́ríkà ní 1983, Moungi Bawendi àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní MIT ló wá rí ọgbọ́n tí wọ́n fi lè ṣe é kí hóró ẹ̀ dọ́gba dáadáa ní 1993, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ gba Nobel kẹ́mísìrì ní 2023. Àwọn tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n kọ QLED sí lára, òun ló wà nínú wọn.

Kí ló wá gbé e dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ? Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ náà ni. Dáì tí à ń lò láti fi wo sẹ́ẹ̀lì lábẹ́ máíkíróskóòpù máa ń ṣá, ìgbà míì tẹ́ ẹ bá ṣì ń wá ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò, ó ti ṣá tán. Quantum dot ò kì í ṣá bọ̀rọ̀. Ní 2003, Maxime Dahan, Antoine Triller àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Paris so quantum dot mọ́ receptor glycine lára nọ́rọ́ọ̀nù eku, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì nẹ́ẹ̀fù, tí sẹ́ẹ̀lì yẹn ṣì wà láàyè, receptor yẹn ni ẹ lè pè ní ilẹ̀kùn tí nọ́rọ́ọ̀nù fi ń gba iṣẹ́ tí èkejì rán sí i, wọ́n wá ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan ilẹ̀kùn yẹn bó ṣe ń rìn wọ synapse, ibi tí nọ́rọ́ọ̀nù méjì ti ń pàdé, tó tún ń rìn jáde. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán iṣẹ́ yẹn, mi ò lè gbé ojú kúrò lára ẹ̀. Nǹkan tí èèyàn ti kà nínú ìwé fún ọdún gbọọrọ, òun ló ń rìn lójú ẹ yìí bí iná orí ọkọ̀ lóru. Torí náà ẹ má ṣe rò pé àwọn tó ń da quantum dot sí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kàn fẹ́ ṣe ìkà. Ohun tó ń fi hàn wọ́n, kò sí nǹkan míì tó lè fi hàn wọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, àwọn kan sì tún ń rò ó pé lọ́jọ́ kan wọ́n á fi wá kókó jẹjẹrẹ inú ọpọlọ.

Ṣùgbọ́n cadmium ni cadmium ń jẹ́, àwọn dókítà ò sì nílò kẹ́nì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mọ̀ wọ́n. Ní Toyama ní ilẹ̀ Japan, ilé iṣẹ́ ìwakùsà kan da cadmium sínú odò Jinzu fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi odò yẹn ni wọ́n fi ń gbin ìrẹsì, ìrẹsì gbé e dé ikùn, kídìnrín àwọn èèyàn bàjẹ́, egungun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó ń kán, pàápàá àwọn ìyá àgbà, débi pé igbe tí wọ́n ń ké ni wọ́n fi sọ àìsàn yẹn lórúkọ, itai-itai, ìyẹn "ó ń dùn mí, ó ń dùn mí". 1968 ni ìjọba Japan tó gbà pé cadmium ló fà á. Bó bá sì ti wọ kídìnrín, ó lè gba 10 sí 30 ọdún kí ìdajì ẹ̀ tó jáde.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe quantum dot ń sọ ni pé cadmium tiwọn wà ní títì pa sínú kírísítálì, kò lè jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Àfi ìgbà tí Austin Derfus, Warren Chan àti Sangeeta Bhatia gbé iṣẹ́ tiwọn jáde ní 2004, wọ́n da hóró cadmium selenide sí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ eku, wọ́n wá rí i pé bí atẹ́gùn tàbí iná UV bá ti kan hóró yẹn, ojú ẹ̀ á jẹra, cadmium á sì máa jò jáde, sẹ́ẹ̀lì á kú. Bí wọ́n bá fi èèpo zinc sulfide bò ó, ó máa ń dín in kù, àmọ́ kò dí i pa. Ẹ̀dọ̀ nìyẹn o. Ẹ̀dọ̀ ní agbára tó fi ń bá májèlé jà, ó sì lè hù padà bí wọ́n bá gé nínú ẹ̀. Ọpọlọ ò ní irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ làwọn ará Montréal ti wọ̀ ọ́.

Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lò, PC12 ni wọ́n ń pè é. Lloyd Greene àti Arthur Tischler ló mú un jáde ní 1976 láti inú kókó kan tó wà lára ẹ̀yà ara tó wà lókè kídìnrín eku. Ẹ ò ní rò pé irú ibẹ̀ yẹn ni wọ́n á ti wá sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n á fi mọ̀ nípa nẹ́ẹ̀fù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún PC12 ní purotéènì tí wọ́n ń pè ní NGF, èyí tí Rita Levi-Montalcini àti Stanley Cohen gba Nobel lé lórí ní 1986, ó máa jáwọ́ nínú pípín ara ẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹ̀ka gígùn jáde bíi ti nọ́rọ́ọ̀nù gangan. Èmi náà ti tọ́jú PC12 rí fún bí ọdún méjì. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa ṣùpọ̀, wọn ò fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ róbà lásán, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi collagen tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ pa inú abọ́ kí wọ́n tó gbà láti jókòó. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé tẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ti na ẹ̀ka, tí ẹ̀ka ọ̀kan ti ń wá ti èkejì kàn, inú yín á dùn, ẹ ò ní fẹ́ kí nǹkan kan ṣe wọ́n. Wọ́n tún fi sẹ́ẹ̀lì kejì kún un, N9, sẹ́ẹ̀lì eku ló jẹ́ nínú ẹbí microglia, àwọn ọlọ́dẹ inú ọpọlọ tó máa ń gbá ìdọ̀tí tó sì máa ń lé kòkòrò.

Quantum dot tí wọ́n lò, cadmium telluride ni, wọn ò sì fi zinc sulfide bò ó. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un tín-ín-rín, mercaptopropionic acid tàbí cysteamine, èyí tó wọ cysteamine yìí ló ní chaji pọ́sítíìfù lójú. Ẹ rántí pé awọ sẹ́ẹ̀lì ní chaji nẹ́gátíìfù, DNA náà ní nẹ́gátíìfù, pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù sì máa ń fa ara wọn, ẹ̀yin náà á ti máa rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ.

Bí wọ́n ṣe dà á sí i tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó pẹ́ díẹ̀, 10 máíkírógíráàmù nínú mìlílítà kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í pa sẹ́ẹ̀lì méjèèjì. Èyí tí ò wọ aṣọ kankan tún wá burú jù, 1 máíkírógíráàmù lásán ti tó fún un. Bí wọ́n sì ṣe ń kú yẹn, wọn ò kàn bẹ́ bíi bàlúùnù. DNA inú wọn ń ká jọ, ó ń ṣù gbagidi, awọ ara wọn ń yọ kókó kéékèèké jáde bí ìléròrò ojú iná. Ẹni tó bá ń bá sẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́ mọ irú ikú yẹn, ikú tí sẹ́ẹ̀lì fọwọ́ ara ẹ̀ ṣètò ni, ó ti gbọ́ ìròyìn kan nínú ara ẹ̀ tó jẹ́ kó gbà pé òun ò lè là á já, ó wá ń palẹ̀ ara ẹ̀ mọ́.

Wọ́n gbé máíkíróskóòpù wá, àǹfààní tí quantum dot ní sì nìyẹn, òun fúnra ẹ̀ ló ń tan iná tó ń fi ara ẹ̀ hàn. Àwọn pupa, àwọn ńlá, wà káàkiri ìta nucleus, nínú omi sẹ́ẹ̀lì, wọn ò wọ inú lọ́hùn-ún. Àwọn aláwọ̀ ewé, àwọn kékeré, inú nucleus gan-an ni wọ́n kó sí jù, nínú yàrá tí DNA wà.

Mo fẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Okùn DNA, bó ṣe lọ́ mọ́ra wọn ní méjì yẹn, ìbú ẹ̀ ò ju 2 nánómítà lọ. Hóró aláwọ̀ ewé yẹn, 2.2. Ká ní ìwọ ni DNA yẹn, ohun tó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ ní ìtóbi ló wọ ilé ẹ wá yìí, ó sì ní chaji pọ́sítíìfù nígbà tí ìwọ ní nẹ́gátíìfù. Nucleus ní ẹnu ọ̀nà, àìmọye ẹnu ọ̀nà sì ni, nǹkan kékeré lè gba ibẹ̀ kọjá láìbi í, nǹkan ńlá gbọ́dọ̀ ní purotéènì tó máa mú un wọlé bí ìgbà téèyàn fẹ́ wọ ààfin. Bí a bá ní kí cadmium jò díẹ̀ lára hóró pupa tó wà níta, ó lè jẹ́ pé purotéènì kan á tètè gbá a mú kó tó débi kankan. Tó bá jẹ́ lára aláwọ̀ ewé ló ti jò, ẹ̀gbẹ́ DNA ló ti jò yẹn.

Nǹkan kan tún wà tí mo fi bírò ṣírò sí ẹ̀gbẹ́ ìwé tèmi. Ìwọ̀n máíkírógíráàmù ni wọ́n fi ṣe é dọ́gba. Bẹ́ ẹ bá fi 2.2 pín 5.2, ó máa fún yín ní bíi 2.36, hóró sì jẹ́ bọ́ọ̀lù, torí náà láti mọ ìyàtọ̀ ìwọ̀n wọn, ẹ máa kọ nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ sì sọ wọ́n di púpọ̀ pọ̀, 2.36 × 2.36 × 2.36, èyí tó máa jẹ́ bíi 13. Ìyẹn túmọ̀ sí pé nínú ìwọ̀n kan náà, hóró kékeré á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 13 hóró ńlá ní iye, ojú tí gbogbo wọn pa pọ̀ fi ń kan omi náà á ju ìlọ́po 2 lọ, ojú yẹn sì ni cadmium ń gbà jò. Torí náà bí ẹnì kan bá bi mí pé ṣé kíkéré ló pa àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ni àbí pípọ̀, màá ní a ò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú abọ́ yẹn. Èmi gbà pé ibi tí wọ́n wọ̀ ṣe pàtàkì gan-an, ṣùgbọ́n mi ò ní gbàgbé 13 yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ yìí kì í sábà dárúkọ ẹ̀.

Ó wá kan ibi tí mo ní wọ́n fò kọjá.

Wọ́n wá nǹkan mẹ́ta tó ṣeé ṣe kó gba sẹ́ẹ̀lì là, wọ́n kọ́kọ́ fún sẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n tó da quantum dot sí i. Ìkíní ni N-acetylcysteine, NAC, oògùn kan náà tí wọ́n ń fún ẹni tó gbé paracetamol mì jù nílé ìwòsàn kí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ má bàa kú. Ìkejì ni albumin, purotéènì tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀jẹ̀, ti màlúù ni wọ́n lò. Ìkẹta ni Trolox, fítámì E ni wọ́n tún ṣe kó lè yòrò nínú omi. NAC ṣiṣẹ́, ikú sẹ́ẹ̀lì dín kù gan-an. Albumin náà ṣiṣẹ́. Trolox ò ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká rò ó. Àwọn tó ń sọ pé ọ́síjìn oníjàgídíjàgan, èyí tí wọ́n ń pè ní ROS, ló pa sẹ́ẹ̀lì yẹn, wọ́n á ní ẹ wò ó, NAC ń pa ROS, NAC sì gbà wọ́n là, ẹjọ́ ti dájọ́. Ṣùgbọ́n Trolox náà ń pa ROS, iṣẹ́ ẹ̀ gan-an nìyẹn, kí ló dé tí kò gba ẹnikẹ́ni là? Albumin ńkọ́, tí kì í ṣe oògùn ROS bíi tiwọn, tó jẹ́ purotéènì tó kàn ń ru ẹrù káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀, kí ló dé tí òun gbà wọ́n là? Bí ẹ bá wo àwọn méjì tó ṣiṣẹ́, nǹkan kan wà tí wọ́n jọ ní tí Trolox ò ní, imí-ọjọ́ ni. NAC ní imí-ọjọ́ tó ṣí sílẹ̀. Albumin ní ọ̀kan náà tó ṣí sílẹ̀ lára ẹ̀. Cadmium sì fẹ́ràn imí-ọjọ́ bí irin ṣe fẹ́ràn mágínẹ́ẹ̀tì, bó bá ti rí i á dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, NAC tún ń ran sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti ṣe glutathione, ohun tí sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ fi ń de irin olóró mọ́lẹ̀. Albumin ní tiẹ̀ tóbi, ó lè yí hóró yẹn ká bí ẹni wé iṣu sínú ewé, kó sọ ọ́ di ńlá, kó bo chaji ẹ̀, kó má jẹ́ kó rọrùn fún un láti wọlé.

Mi ò sọ pé ROS ò sí níbẹ̀ o. Ó wà. Ní 2005 yẹn kan náà, àwọn èèyàn yìí kan náà tún gbé iṣẹ́ míì jáde lórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn tí wọ́n ń pè ní MCF-7, wọ́n fi hàn pé cadmium telluride tí ò wọ aṣọ ń mú ROS jáde, ó sì ń ba awọ sẹ́ẹ̀lì, mitochondria tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ sẹ́ẹ̀lì, àti nucleus jẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá rò pé òun lè kó fítámì E sí i kọ́rọ̀ tán, sẹ́ẹ̀lì PC12 ti dá a lóhùn.

Àbí cadmium tó jò nìkan ni? Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, fún ìgbà pípẹ́. Àfi ìgbà tí mo ka èyí tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e ní 2007, Sung Ju Cho ló ṣíwájú ẹ̀, níbi tí wọ́n ti wọn iye cadmium tó wà lómìnira nínú sẹ́ẹ̀lì MCF-7 gan-an. Nínú àwọn tó gba cadmium selenide tí wọ́n fi zinc sulfide bò, cadmium yẹn kéré débi pé ohun èlò wọn ò rí i, ìyẹn ni pé kò tó 5 nánómólà (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó nínú omi), sẹ́ẹ̀lì sì wà láàyè. Nínú àwọn tó gba cadmium telluride, ó wà láàárín bíi 30 sí 150, aṣọ tí hóró wọ̀ ló ń sọ iye tó máa jẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì sì ń kú. Títí débẹ̀ ọ̀rọ̀ bá ara mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tò ó wò láàárín àwọn cadmium telluride fúnra wọn, ibi tí cadmium ti pọ̀ jù kọ́ ni sẹ́ẹ̀lì ti kú jù. Ó tún wá hàn pé lysosome, àpò tí sẹ́ẹ̀lì fi ń lọ ìdọ̀tí, ti wú, ó ti bàjẹ́. Cadmium wà nínú ẹjọ́ náà, ROS wà níbẹ̀, hóró fúnra ẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n padà sí ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀fù, pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì neuroblastoma ti èèyàn, jẹjẹrẹ tó máa ń mú àwọn ọmọdé. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò fún sẹ́ẹ̀lì ní NAC mu, wọ́n fi NAC ṣe aṣọ fún quantum dot fúnra ẹ̀. Àwọn tó wọ aṣọ NAC ò wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó àwọn tí ò wọ̀ ọ́, wọn ò sì pa sẹ́ẹ̀lì tó wọn. Àwọn tí ò wọ̀ ọ́ ní tiwọn mú kí Fas pọ̀ lójú sẹ́ẹ̀lì, Fas yìí ni ẹ lè pè ní agogo ikú tí sẹ́ẹ̀lì gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀rá inú awọ sẹ́ẹ̀lì ń jẹra, mitochondria ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Nígbà tí mo ka èyí, mo padà lọ wo Trolox ti 2005, ó wá yé mi dáadáa. Bí oògùn ò bá ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ojú hóró yẹn, pẹ̀lú bó ṣe ń wọlé, ẹ̀yìn ìjà ló máa dé.

Ọ̀rọ̀ albumin yìí tún gbé nǹkan míì wá tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ka irú iṣẹ́ yìí máa wò. Oúnjẹ tí à ń fún PC12, omi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin àti ti ọmọ màlúù ló máa ń wà nínú ẹ̀, albumin sì kún inú ẹ̀. Bí láàbù kan bá da quantum dot sí sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú oúnjẹ yẹn, tí láàbù kejì da á sí èyí tí wọ́n ti yọ omi ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú oúnjẹ ẹ̀, ọ̀kan lè ní kò léwu, èkejì á ní ó léwu, kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Inú ọpọlọ wa gan-an wá ńkọ́? Omi tó yí ọpọlọ ká, albumin inú ẹ̀ kéré gan-an sí ti inú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan tí aṣọ albumin bò dáadáa nínú ẹ̀jẹ̀, bó bá rọ́nà dé ọpọlọ, ibi tí aṣọ ti wọ́n ló dé yẹn. Ọ̀nà ò sì ṣàì sí pátápátá, torí ní 2004, Günter Oberdörster àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Rochester fi hàn pé hóró carbon tíntìntín tí eku fà símú lè dé ibi tó ń gbọ́ òórùn nínú ọpọlọ ẹ̀. Carbon nìyẹn, kì í ṣe quantum dot, mi ò ní da méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n imú kan náà ni.

Kẹ́nì kan má sì sọ pé PC12 jẹ́ kókó lásán, kì í ṣe nọ́rọ́ọ̀nù. Ní 2008, wọ́n gbé iṣẹ́ kan jáde ní Ṣáínà níbi tí wọ́n ti lo nọ́rọ́ọ̀nù hippocampus eku, ibi tí ọpọlọ ti ń tọ́jú ìrántí, wọ́n da cadmium selenide tí ò wọ aṣọ sí i. Kálísíọ́mù inú nọ́rọ́ọ̀nù yẹn ga sókè, èyí tó ń wọlé látìta pẹ̀lú èyí tí sẹ́ẹ̀lì fi pamọ́ sínú ara ẹ̀, ọ̀nà tí sódíọ́mù ń gbà wọlé ò sì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Kálísíọ́mù àti sódíọ́mù ni nọ́rọ́ọ̀nù fi ń sọ̀rọ̀. Nọ́rọ́ọ̀nù lè má tíì kú rárá, kó sì jẹ́ pé ohùn ẹ̀ ti ń bàjẹ́, ẹni tó bá kàn ń ka òkú sẹ́ẹ̀lì nínú abọ́ ò ní gbọ́ ọ.

Àwọn tó ń gbèjà quantum dot ní ìdáhùn, ìdáhùn gidi sì ni. Ní 2012, wọ́n fa quantum dot oníèèpo, cadmium selenide tí cadmium sulfide àti zinc sulfide bò, tí wọ́n tún wá fi ọ̀rá wé, sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀bọ rhesus, 25 mìlígíráàmù fún kílò kan ara wọn, wọ́n sì ṣọ́ wọn fún 90 ọjọ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn dáa, wọ́n ń jẹun, kò sí ẹ̀yà ara kan tó hàn pé ó bàjẹ́. Mo gba ìyẹn gbọ́ pátápátá, ó sì bá ohun tí àwọn ará Montréal rí mu, torí aṣọ tó nípọn ló wà lára hóró yẹn, apá kejì ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá cadmium nínú àwọn ọ̀bọ yẹn lẹ́yìn 90 ọjọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fà sí wọn lára ṣì wà níbẹ̀, nínú ẹ̀dọ̀, nínú ọlọ inú, nínú kídìnrín. Kò tíì jáde.

Ohun tí mo máa ń rò nípa ẹ̀ nìyẹn tí mo bá rántí àwọn PC12 tèmi. PC12 tí wọn ò tíì fún ní NGF ń pín ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, bó bá gbé hóró 100 mì, ọmọ ẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gba 50, àwọn ọmọ ọmọ á gba 25, á máa fọ́nká lọ bẹ́ẹ̀. Nọ́rọ́ọ̀nù kì í pín ara ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lórí wa báyìí, àtinú oyún la ti gbé wọn wá, àwọn náà la ó sì lò títí a ó fi dàgbà. Ohun tó bá wọ inú ọ̀kan nínú wọn, tí kò bá rí ọ̀nà àbájáde, kò ní ọmọ tó máa bá a pín in. Ní McGill, wákàtí ni wọ́n kà. Lára àwọn ọ̀bọ, 90 ọjọ́ ni. Aṣọ zinc sulfide yẹn, mo fẹ́ kẹ́nì kan bá mi wọn bó ṣe máa rí nínú nọ́rọ́ọ̀nù tó wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.